RNA àti DNA: Kí Ni Ìyàtọ̀ Wọn, Ṣé Ọ̀kan sì Lè Yí Èkejì Padà?

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá ọdún 2023, wọ́n kéde ní ìlú Stockholm pé Katalin Karikó àti Drew Weissman ló gba àmì-ẹ̀yẹ Nobel fún ìmọ̀ ìṣègùn, nítorí iṣẹ́ wọn lórí RNA, èyí tó la ọ̀nà fún abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà ti Pfizer àti ti Moderna. Ìròyìn náà tún jí ìbéèrè kan tó ti sùn dìde: ṣé RNA tí wọ́n gún fún àwọn èèyàn kò ti yí DNA wọn padà báyìí?

Kí ni DNA, kí sì ni RNA?

DNA ni àkọsílẹ̀ tí a jogún lọ́wọ́ bàbá àti ìyá wa, tí ó wà nínú kóró àárín sẹ́ẹ̀lì. RNA ni ẹ̀dà tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe lára apá kan àkọsílẹ̀ náà nígbà tí ó bá fẹ́ lò ó. Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ rí mọ̀ pé ojúlówó ìwé kì í kúrò nínú àpótí. Fọ́tòkọ́pì ni à ń gbé kiri.

Ṣé òótọ́ ni pé DNA ní fọ́nrán méjì, tí RNA sì ní ẹyọ kan?

Lọ́pọ̀ ìgbà, bẹ́ẹ̀ ni. DNA dà bí àkàbà tí a lọ́ bí okùn, RNA sì dà bí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀. Ṣùgbọ́n rotavirus, tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru fún àwọn ọmọdé, RNA onífọ́nrán méjì ló ní, nítorí náà, ẹ má fi iye fọ́nrán nìkan dá wọn mọ̀.

Kí wá ni ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ gan-an?

Ṣúgà tó wà lára fọ́nrán wọn ni. Ti RNA ń jẹ́ ribose, ti DNA sì ń jẹ́ deoxyribose, orúkọ gígùn tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju pé wọ́n ti yọ ọ́síjìn kan kúrò lára ribose. Ọ̀tá ilé ni ọ́síjìn yẹn jẹ́ fún RNA, nítorí pé ó sún mọ́ ibi tí ṣúgà kan ti so mọ́ èkejì tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè kọlu ìsopọ̀ náà, kí fọ́nrán sì já. DNA kò ní i, ó sì lè pẹ́: àwọn onímọ̀ ti ka DNA tó wà nínú ilẹ̀ Greenland láti nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 2 sẹ́yìn. Nígbà tí abẹ́rẹ́ Pfizer kọ́kọ́ jáde ńkọ́? Fíríìsà tó tutù tó nǹkan bí 70 dígírì sísàlẹ̀ òdo ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí.

Lẹ́tà wọn ńkọ́?

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà 4, ìyẹn àwọn èròjà tí a fi kọ àkọsílẹ̀ náà. DNA ń lo A, C, G àti T. RNA fi U rọ́pò T. Ẹ jẹ́ ká fi jẹ́nótáìpù wò ó. Níbì kan nínú àkọsílẹ̀ èròjà pupa tó ń gbé ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, GAG ni ó wà nínú DNA ẹni tó jẹ́ AA. GTG ni ẹni tó jẹ́ SS jogún lọ́dọ̀ òbí méjèèjì. Ẹni tó jẹ́ AS jogún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ṣe ẹ̀dà GTG sí RNA, GUG ni yóò kọ, purotéènì tó bá sì tinú rẹ̀ jáde ló ń sọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ di bíi dòjé nínú ara ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde.

Kí ló dé tí DNA kò fi lo U? C a máa bàjẹ́ di U fúnra rẹ̀ nínú DNA. Nítorí pé U kì í ṣe ará ilé níbẹ̀, àwọn èròjà tó ń tún DNA ṣe á rí i bí àlejò, wọn á sì yọ ọ́ kúrò. Ká ní DNA ń lo U tẹ́lẹ̀ ni, báwo ni wọn ìbá ṣe mọ èyí tó jẹ́ onílé?

Ṣé RNA inú abẹ́rẹ́ lè wá di ara DNA wa?

Rárá. Kì í wọ inú kóró sẹ́ẹ̀lì tí DNA wà. Ẹ̀yìn odi ibẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ti ń kà á, kò sì pẹ́ tí yóò fi já wẹ́wẹ́. Àwọn kan á sọ pé HIV náà, RNA ló ní, ó sì ń wọ inú DNA. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n HIV gbé irinṣẹ́ méjì dání: ọ̀kan ń tún RNA kọ sí DNA, èkejì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín àkọsílẹ̀ wa. Abẹ́rẹ́ kò gbé ìkankan nínú méjèèjì.

Ṣé abẹ́rẹ́ yẹn lè sọ AS di AA?

Kò lè ṣe é, kò sì lè sọ AA di AS.

Kí ló wá yẹ ká bẹ̀rù?

Àwọn kòkòrò àrùn tó ń fi RNA ṣe àkọsílẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kì í yẹ ẹ̀dà wọn wò fún àṣìṣe, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tètè yí padà, tí abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀fìnkìn líle fi ní láti máa yí lọ́dọọdún. Lassa wà lára wọn, èyí tí wọ́n fi orúkọ ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Borno pè lẹ́yìn tó pa èèyàn ní ọdún 1969. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló sábà ń gbé e wọ ilé. Ẹ máa fi ọmọrí bo oúnjẹ yín, ẹ má sì sá gààrí sí ẹ̀bá títì níbi tí eku ti lè tọ̀ sí i.