Kọ̀ǹpútà ilé kọ́ ló ń dáàbò bo lífíìtì oúnjẹ

Àwọn tó ń kọ́ òtẹ́ẹ̀lì àti gbọ̀ngàn ayẹyẹ nílùú Ìlọrin báyìí, láti Fate Road dé Tanke àti GRA, ti ń béèrè fún lífíìtì oúnjẹ, ìyẹn lífíìtì kékeré tó ń gbé oúnjẹ nìkan gòkè sọ̀, tí kì í gbé èèyàn. Ìdí rẹ̀ kò farasin. Ilé ìdáná wà nísàlẹ̀, àwọn àlejò wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kò sì dáa kí ọmọdébìnrin kan máa gbé abọ́ gbẹ̀gìrì gbígbóná gun àtẹ̀gùn láàárín èrò. Bí wọ́n bá tún wá gbọ́ pé kọ̀ǹpútà kan wà tó ń bójú tó ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ̀rọ omi, jẹnẹrétọ̀ àti iná gbogbo ilé, èyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní BMS, ohun tó máa ń tẹ̀ lé e ni pé: "Ẹ so lífíìtì náà mọ́ ọn. Tó bá ti wà lórí kọ̀ǹpútà, ọkàn wa balẹ̀."

Ọkàn ò gbọdọ̀ tíì balẹ̀. BMS ń ríran, ó sì ń sọ ohun tó rí, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń dá lífíìtì dúró nígbà tí ewu bá yọjú. Ó dà bí ọlọ́dẹ tó ń fi tọ́ọ̀ṣì yí ilé po: ó lè figbe ta pé ògiri ń wó, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ló gbé ògiri náà dúró.

Inú lífíìtì fúnra rẹ̀ ni ààbò wà. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ní àjà kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ tó ní ẹnu iná lára, ìyẹn irin méjì tó máa ń kanra kí iná lè kọjá. Bí ilẹ̀kùn bá padé dáadáa, ẹnu iná yẹn náà á padé. Wọ́n so gbogbo wọn tẹ̀léra lórí wáyà kan ṣoṣo: ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀, ilẹ̀kùn òkè, ṣíwíṣì tó wà ní ìpẹ̀kun òkè àti ti ìsàlẹ̀, bọ́tìnnì pàjáwìrì. Bí ẹyọ kan bá ṣí nínú wọn, iná á já, ẹ́ńjìnnì tó ń fà á á dúró, bíréèkì á sì dì í mú. Lára ọ̀pọ̀ wọn, sípíríǹgì ló ń di bíréèkì náà, iná ló ń tú u sílẹ̀. Ìyẹn ni kì í fi í já bọ́ nígbà tí NEPA bá mú iná lọ lójijì. Kò sí kọ̀ǹpútà ilé kankan nínú gbogbo èyí, kò sì yẹ kó sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ìdí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ BMS kì í wo ohun tí wọ́n so mọ́ ọn ní gbogbo ìgbà. Ó máa ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ díẹ̀. Lífíìtì oúnjẹ tó ń rin mítà 0.4 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan á ti rin mítà 2.4 kí ìṣẹ́jú-àáyá 6 tó pé. Ẹni tó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ láti mú àwo kò ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà tún lè kú kó sì jí, wáyà rẹ̀ lè já, àwọn tó tà á sì lè máa tún un ṣe lọ́wọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé tí ìgbéyàwó ń lọ lọ́wọ́.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ohun tí ìgbàgbọ́ yìí ń sún àwọn èèyàn ṣe. Èrò ti kún gbọ̀ngàn, àwọn àgbà ti jókòó, àmàlà ti wà nílẹ̀, ilẹ̀kùn lífíìtì lájà kejì sì ti wọ́, kò padé dáadáa mọ́. Lífíìtì kọ̀, kò rìn. Ẹnì kan á wá mú wáyà kékeré kan, á fi so ẹnu iná méjèèjì tó wà lára kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn náà pọ̀, lífíìtì á sì gbéra. Láti ìgbà yẹn lọ, á máa rìn yálà ilẹ̀kùn padé tàbí kò padé. Bí Àlàájì tó nilé bá wá béèrè, alábòójútó á ní: "Àlàájì, ẹ wo fóònù yín, BMS ní ilẹ̀kùn padé." Kò purọ́. Ẹnu iná tí wọ́n fi wáyà so pọ̀ yẹn ni BMS ń gbọ́ tirẹ̀, òun náà sì gbà pé ilẹ̀kùn padé. Ihò ṣí sílẹ̀ gbayawu lójú àwọn ọmọ tó ń sáré kiri ibi ayẹyẹ, kọ̀ǹpútà sì ń jẹ́rìí pé àlàáfíà ni.

Lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ, ìlànà EN 81-3 tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù fún irú lífíìtì yìí sọ pé fífẹ̀ ilẹ̀ inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 1 m² (bíi mítà 1 níbùú, mítà 1 lóròó), gíga rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mítà 1.20, ẹrù rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju kílò 300 lọ. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kéré kí èèyàn má baà wọ̀ ọ́ ni. Sẹ́ńsọ̀ lè sọ fún BMS pé kílò 25 wà nínú rẹ̀. Kò lè sọ bóyá ìkòkò ọbẹ̀ ni tàbí ọmọ ọlọ́mọ.

Tí iná bá ń jó ilé náà ńkọ́? Wáyà tó ń bọ̀ tààrà láti ẹ̀rọ tó ń kéde iná ni kó pàṣẹ fún lífíìtì, kó má gba ọ̀dọ̀ BMS kọjá.

Mi ò wá sọ pé kí ẹ má so lífíìtì mọ́ BMS o. Síso ó dáa, mo sì fara mọ́ ọn, pàápàá nílùú wa níbi tí féèsì kan ti lè lọ kí méjì kù. Ẹ́ńjìnnì féèsì mẹ́ta tó bá ń ṣiṣẹ́ lórí méjì á máa kùn, á gbóná, á sì jó. Rìléè (ṣíwíṣì kékeré tí iná ń ṣí tó sì ń pa) tó wà nínú pánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àpótí iná, lífíìtì ló gbọ́dọ̀ já a lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n BMS ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ohun tó fà á, dípò kẹ́ ẹ máa bú ọmọ iṣẹ́. Ó tún lè sọ fún yín pé ilẹ̀kùn kan ti wà ní ṣíṣí láti àárọ̀, tàbí pé lífíìtì ti rìn tó ìwọ̀n tó yẹ kí wọ́n wá yẹ okùn rẹ̀ wò. Bí oúnjẹ bá há sínú rẹ̀, ẹ máa tètè gbọ́. Àjọ WHO ní kí oúnjẹ gbígbóná má rẹlẹ̀ sí 60°C kí wọ́n tó bù ú, kí èyí tí wọ́n ti sè má sì wà nílẹ̀ lásán ju wákàtí 2 lọ.

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀ láti fi so ó. Èyí tó rọrùn jù ni kí oníṣẹ́ lífíìtì fi rìléè sínú pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀, kó sì fún BMS ní ẹnu wáyà méjì méjì tí kò gbé iná: ọ̀kan fún "ó ń ṣiṣẹ́", ọ̀kan fún "ó ti bàjẹ́", ọ̀kan fún ilẹ̀kùn. Fún gbọ̀ngàn alájà méjì tàbí mẹ́ta, èyí tó, lójú tèmi. Èkejì ni kí àwọn ẹ̀rọ méjèèjì máa fi èdè ẹ̀rọ bá ara wọn sọ̀rọ̀, bíi Modbus, tí ilé iṣẹ́ Modicon gbé jáde lọ́dún 1979, tàbí BACnet, tí ASHRAE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí lọ́dún 1995. Ìyẹn ń sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ jù, ṣùgbọ́n Modbus kì í béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣí i sórí íntánẹ́ẹ̀tì gbangba.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, kí BMS máa gbọ́ ni, kó má máa pàṣẹ. Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì tó tẹ bọ́tìnnì pé kí lífíìtì tún gbéra kò mọ̀ bóyá oníṣẹ́ kan ti ki orí bọ ihò náà. Ẹ má sì jẹ́ kí oníṣẹ́ BMS ya wáyà lára wáyà ààbò kan ṣoṣo tí mo ṣàlàyé lókè, èyí tó so àwọn ilẹ̀kùn àti ṣíwíṣì tẹ̀léra. Oníṣẹ́ lífíìtì nìkan ló ni pánẹ́ẹ̀lì yẹn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gba ìyókù owó wọn, ẹ ní kí wọ́n yọ wáyà BMS kúrò lára lífíìtì náà pátápátá lójú yín. Ó gbọ́dọ̀ ṣì máa gòkè, kó máa sọ̀ bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kí wọ́n sì tẹ bọ́tìnnì. Bó bá fi lè mira pẹ̀lú ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ní ṣíṣí, ẹ má tíì sanwó.