Ọsàn wẹ́wẹ́ nìkan kò tó láti dá iyùn mọ̀

Ní Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́, bí oníbàárà bá ti bèèrè pé ṣé iyùn gidi lèyí, láítà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tà á máa ń kọ́kọ́ nawọ́ mú. Wọ́n á ṣáná sí i, kò ní jó, kò ní yọ́, owó á sì jáde. Ẹlòmíràn á fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí. Bó bá ti ń hó, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Iná àti ọsàn ò parọ́, àmọ́ wọn ò sọ̀rọ̀ tán. Ike nìkan ni iná ń tú fó. Gíláàsì kì í jó, òkúta kì í jó. Ọsàn ní tirẹ̀ máa ń hó lórí gbogbo ohun tó bá jẹ́ ẹbí ìkarahun: òkúta mábù, títí dórí èèpo ẹyin. Ẹ fún ọsàn sórí èèpo ẹyin nílé kí ẹ wò ó. Bó bá jẹ́ pé egungun ẹranko òkun olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n pa láró tí wọ́n ń pè ní iyùn, yóò gba iná kọjá, yóò sì hó lábẹ́ ọsàn. Irú rẹ̀ gan-an ló sì ń gbé owó ńlá lọ. Yàtọ̀ sí èyí, àyẹ̀wò méjèèjì ń ba ìlẹ̀kẹ̀ gidi jẹ́: ibi tí ọsàn bá kàn lára iyùn kì í dán mọ́, iná sì lè mú kó sán tàbí kó dúdú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dán an wò lára ẹ̀jìgbà bàbá yín.

Iyùn kì í ṣe òkúta tí wọ́n hú jáde nínú ilẹ̀. Egungun àwọn ẹranko wínníwínní inú òkun ni. Ojúlówó tí àwọn ìjòyè wa ń lò láti ayébáyé wá láti Òkun Mẹditaréníà, ibi tí wọ́n sì ti ń gbẹ́ ẹ jù ni ìlú Torre del Greco, nítòsí Naples ní orílẹ̀-èdè Ítálì. Láti nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn ni àwọn Potogí ti ń gbé e wá sí Bìní. Bí igi ni ó ń yọ ẹ̀ka, ṣùgbọ́n sísanra rẹ̀ kì í tó mìlímítà 1 lọ́dún kan. Ẹ wá ṣírò ọdún tí ẹ̀ka kan máa lò lábẹ́ omi kó tó nípọn tó àtàǹpàkò. Ìdí nìyẹn tí ìlẹ̀kẹ̀ gbàǹgbà-gbàngba 40, tí gbogbo wọn pupa bákan náà, tí kò sí àbàwọ́n kan lára wọn, tí owó wọn ò sì ju ti aṣọ òkè kan lọ, fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ yín lóminú.

Ojú ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Ẹ wá awò kékeré tí àwọn tó ń tún aago ṣe máa ń há sójú, èyí tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 10, kí ẹ sì gbé ìlẹ̀kẹ̀ náà síta nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Iná pupa inú ṣọ́ọ̀bù ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Lára iyùn gidi, ẹ máa rí àwọn ìlà tín-ín-rín tó tò tẹ̀ léra wọn gba ìbú tàbí òòró ìlẹ̀kẹ̀ náà bí ìlà ara pákó, àlàfo àárín wọn kì í sì í tó ìdajì mìlímítà. Ẹnu ihò tí òwú ń gbà ló sàn jù láti wò, torí pé ibẹ̀ ni wọn kì í sábà fọwọ́ dán. Níbẹ̀ ẹ lè rí òrùka nínú òrùka, bí ìdí igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ihò kéékèèké bí ojú abẹ́rẹ́ tàbí àmì funfun díẹ̀ kì í ṣe àléébù. Àwa tí à ń sín ìlẹ̀kẹ̀ máa ń fẹ́ rí wọn.

Ike tàbí gíláàsì kò ní irú ìlà yẹn. Ohun tí ẹ óò rí ni ojú ìpàdé mọ́ọ̀dù tó yí ìlẹ̀kẹ̀ po, tàbí afẹ́fẹ́ roboto tó há sínú gíláàsì. Bí gíláàsì bá ti rún lẹ́nu, ibi tó rún náà á máa dán yinrin, á sì tẹ̀ bí inú ìkarahun.

Ọ̀tá tó le jù ni èyí tí mo ń bọ̀ sí. Irú iyùn òkun mìíràn wà tó funfun, tó ní oríkèé dúdú, tó jẹ́ pé oparun ni àwọn òyìnbó fi ń ṣe àpèjúwe rẹ̀. Ó máa ń tóbi, ó sì pọ̀, nítorí náà wọ́n á gé e, wọ́n á pa á láró pupa. Egungun òkun lòun náà lóòótọ́, ó ní ìlà, ó wúwo, ó ń hó. Ṣùgbọ́n ìlà tirẹ̀ fẹ̀: àlàfo tó wà láàárín wọn máa ń sún mọ́ mìlímítà 1. Aró a sì máa kó jọ sínú ìlà náà bí yíǹkì tó bọ́ sínú ibi tó sán, débi pé ẹnu ihò á pupa ju ara ìlẹ̀kẹ̀ lọ. Níbi tó bá ti rún, ẹ óò rí funfun nínú rẹ̀.

Láti mú un, ẹ lo omi tí wọ́n fi ń pa kútẹ́ẹ̀sì rẹ́, èyí tó ní asitóònù nínú. Ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ tútù nu ìlẹ̀kẹ̀ náà kó mọ́. Ẹ fi òwú díẹ̀ wé orí igi ìkọtí, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú omi náà, kí ẹ sì fi ra ẹnu ihò fún bí ìṣẹ́jú 1. Bí òwú bá pupa, aró ni. Bí ara ìlẹ̀kẹ̀ bá ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ike tàbí gọ́ọ̀mù ni. Ṣùgbọ́n ẹ má yára fi ẹ̀sùn kan èèyàn o. Ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́ tó ti bá osùn gbé lè tu osùn sára òwú, bẹ́ẹ̀ sì ni òwú pupa tí wọ́n fi sín in lè máa ṣí. Ẹ yọ ìlẹ̀kẹ̀ kan kúrò lára òwú, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́, kí ẹ tún un ṣe. Bí òwú kò bá pupa rárá, ìyẹn náà ò tíì parí ọ̀rọ̀, torí àwọn kan máa ń fi gọ́ọ̀mù bo aró mọ́lẹ̀. Ẹ padà sórí ìlà.

Ìwọ̀n wà fún ike àti fún èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù po lẹ́búlẹ́bú iyùn. Òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ góòlù ń lò ti tó. Ẹ wọn ìlẹ̀kẹ̀ gbígbẹ, ká ní ó jẹ́ gíráàmù 12. Ẹ gbé ife omi sórí òṣùwọ̀n, ẹ tẹ̀ ẹ́ padà sí 0, ẹ fi òwú tín-ín-rín so ìlẹ̀kẹ̀ náà rọ̀ sínú omi kó má fara kan ìdí tàbí ẹ̀gbẹ́ ife. Ká ní òṣùwọ̀n ka 4.5. Ẹ fi 4.5 pín 12, ó jẹ́ nǹkan bí 2.67: ìyẹn ni pé ìlẹ̀kẹ̀ náà wúwo tó ìlọ́po 2.67 omi tó gba àyè kan náà. Iyùn máa ń wà láàárín 2.6 sí 2.7. Ike kì í sábà dé 1.6, èyí tí wọ́n pò sì máa ń bọ́ sí àárín. Ibi tí èèyàn ti ń ṣìṣe ni afẹ́fẹ́ tó há sínú ihò, tó máa ń jẹ́ kí iyùn gidi dà bí ike. Ẹ gbọn ìlẹ̀kẹ̀ náà jìgìjìgì nínú omi kó tú jáde. Bí ìlẹ̀kẹ̀ bá kéré, ẹ so mẹ́wàá pọ̀, torí àṣìṣe díẹ̀ lórí gíráàmù 1 lè sọ ọ̀rọ̀ di nǹkan mìíràn. Gíláàsì lásán máa ń tó 2.5, ìyẹn sì sún mọ́ iyùn jù fún òṣùwọ̀n ọjà. Awò ni kí ẹ fi mú gíláàsì.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó ọ̀rọ̀ yìí lọ bá sẹ̀gi. Gíláàsì ni sẹ̀gi látilẹ̀ wá, Ilé-Ifẹ̀ sì ti ń ṣe gíláàsì tirẹ̀ ní Igbó Olókun kí Potogí tó dé. Pé nǹkan jẹ́ gíláàsì kò sọ ọ́ di ayédèrú bí wọn kò bá tà á ní iyùn. Bákan náà, ìlẹ̀kẹ̀ ike fún ìyàwó ọ̀sìngín tó fẹ́ lò ó lọ́jọ́ kan ṣoṣo kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bí owó ike ni wọ́n gbà.

Bí ẹ bá ń ra odindi okùn kan, ẹ má wo àwọn tó wà níwájú nìkan. Ẹ̀yìn ọrùn, nítòsí ìdè, ni àdàlù máa ń sá pamọ́ sí. Ẹ yẹ bíi mẹ́jọ wò láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó tà á kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé iyùn àdánidá ni, tí wọn kò pa láró. Bó bá ń yí ojú padà nígbà tó yẹ kó kọ ọ́, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn.

Tí ẹ bá wá rà á, ẹ fín lọ́fíńdà tán kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ fi aṣọ rírọ̀ nu òógùn ara rẹ̀ kí ẹ tó tọ́jú rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ọsàn tàbí ọṣẹ ìfọṣọ líle kàn án. Ẹ ní kí ẹni tó ń sín in ta kókó lẹ́yìn ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kó sì pààrọ̀ òwú nígbàkigbà tí àlàfo bá ti ń yọ láàárín kókó àti ìlẹ̀kẹ̀. Ìtàn ìlú yìí sọ pé àkún ọba ló rẹ́ níhìn-ín tí a fi ń jẹ́ Àkúrẹ́. Bí kókó bá wà, ìlẹ̀kẹ̀ kan péré ló máa já bọ́ sílẹ̀.