Hurricane ń bọ̀ ní etíkun Texas: ta ló yẹ kó gbéra, ta ló yẹ kó jókòó sílé?

Láti June 1 títí di November 30 lọ́dọọdún, ojú àwọn ará Houston àti Galveston kì í kúrò lára òkun. Ọmọ Yorùbá pọ̀ ní agbègbè yẹn, ìbéèrè kan náà ló sì ń gba ẹnu wọn kan ní gbàrà tí tẹlifíṣọ̀n bá ti ń fi ìjì hàn: ṣé ká kó jáde ni, àbí ká dúró? Ibi tí ilé yín wà àti iye wákàtí tó kù ló máa dáhùn rẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n fún ìjì náà kò tó dáhùn rẹ̀.

Wọ́n ní Category 2 lásán ni. Ṣé ìyẹn tó ohun tí à ń sá fún?

Nọ́ńbà yẹn kò sọ nǹkan kan nípa omi. Atẹ́gùn nìkan ló ń wọ̀n: Category 1 bẹ̀rẹ̀ láti máìlì 74 ní wákàtí kan, Category 3 láti 111, Category 5 láti 157 lọ sókè. Bẹ́ẹ̀, omi ló ń pa èèyàn ju atẹ́gùn lọ.

Category 2 ni Ike nígbà tó wọ Galveston lóru September 13, 2008. Ṣùgbọ́n ìjì náà fẹ̀ gan-an, òkun ibẹ̀ kò sì jìn létí ilẹ̀, nítorí náà omi tí atẹ́gùn ń tì bọ̀ kò ríbòmíràn gbà àfi orí ilẹ̀. Ní Bolivar Peninsula, ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 15 sí 20. Ọ̀pọ̀ ilé ló gbá lọ pátápátá, tó jẹ́ pé kìkì òpó tí wọ́n fi gbé wọn sókè ló ṣẹ́kù. Galveston fúnra rẹ̀ ní odi òkun tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 17, èyí tí wọ́n mọ lẹ́yìn ìjì ọdún 1900 tó pa èèyàn 6,000, ó kéré tán. Odi yẹn dúró digbí lọ́jọ́ Ike. Ẹ̀yìnkùlé, láti ìhà Galveston Bay, ọ̀sà tó wà lẹ́yìn ìlú, ni omi gbà wọlé.

Báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá omi òkun lè dé ilé wa?

Zip code yín ni kí ẹ wò. Houston-Galveston Area Council ní àwòrán ilẹ̀ kan tó pín àwọn zip code etíkun sí mẹ́rin: Coastal, A, B àti C. Coastal ló ń kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà A, B, C ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, kí ọ̀nà má bàa dí. Erékùṣù Galveston àti Bolivar wà ní Coastal. Àwọn ìlú etí Bay bíi Kemah àti Seabrook wà nínú àwòrán náà. Alief, Katy àti Cypress kò sí níbẹ̀ rárá.

Ẹ má fi ojú wọn bí òkun ṣe jìnnà tó. Ẹni tí kò rí òkun láti ojú fèrèsé rẹ̀ lè ní odò kékeré kan lẹ́yìn ilé tó so mọ́ Bay, ibẹ̀ sì ni omi iyọ̀ máa gbà wá bá a.

Bí zip code yín kò bá sí nínú rẹ̀, tí ilé yín sì le, ìjókòó ló yẹ yín. Àwọn kan wà tí èyí kò kàn: ẹni tó ń gbé inú trailer gbọ́dọ̀ kúrò fún hurricane èyíkéyìí, nítorí atẹ́gùn lè dà á délẹ̀. Bákan náà ni ẹni tí ilé rẹ̀ ti kún fún omi òjò rí, àti ẹni tó ń fi ẹ̀rọ tó ń lo iná mí.

Kí ló dé tí gbogbo wa ò kàn ní jáde, kí ọkàn balẹ̀?

Houston ti dán an wò. Ní September 2005, kò tíì pé oṣù kan tí Katrina ba New Orleans jẹ́ nígbà tí Rita kọjú sí Texas. Ẹ̀rù ba gbogbo ayé, èèyàn tó ju mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ lọ sì bọ́ sójú títì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìrìn Houston sí Dallas, tó jẹ́ wákàtí mẹ́rin, gba àwọn kan ju 20 lọ. Àwọn èèyàn ń pa ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀ kí epo má bàa tán, nínú oòrùn tó ń jóni. Ó ju 100 èèyàn tó kú nínú ìrìn àjò yẹn. Mẹ́tàlélógún nínú wọn jẹ́ arúgbó láti ilé ìtọ́jú kan, tí bọ́ọ̀sì wọn gbiná nítòsí Dallas. Rita wá yà sí ọ̀dọ̀ ààlà Louisiana.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dí ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn, ilẹ̀ tí omi òkun kò lè dé ni wọ́n ti wá. Àwọn ni wọ́n há mọ́ iwájú ará Galveston.

Ó dáa, zone Coastal la wà. Ìgbà wo gan-an ni ká gbéra?

Ẹ má ka wákàtí sí ìgbà tí ìjì máa gúnlẹ̀. Ìgbà tí atẹ́gùn máìlì 39 ní wákàtí kan máa kọ́kọ́ dé ni kí ẹ kà á sí, torí láti ìgbà yẹn ni wíwa ọkọ̀ lórí afárá gíga ti di ewu. National Hurricane Center ní Miami máa ń yàwòrán àkókò náà. Èyí tó ń sọ ìgbà tó lè yá jù lọ ni kí ẹ mú. Ìkìlọ̀ wọn tuntun máa ń jáde ní aago mẹ́rin àti aago mẹ́wàá, láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ní aago Houston. Hurricane Watch, ìkìlọ̀ pé ìjì lè dé, ń jáde ní nǹkan bíi wákàtí 48 kí atẹ́gùn yẹn tó dé; Warning, ìkìlọ̀ pé ó ń bọ̀, ní wákàtí 36. Watch ni kí ẹ fi di ẹrù kí ẹ sì ra epo. Tí Warning bá fi máa jáde, kí ẹ ti máa gbọ́n ẹsẹ̀ sọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Wọ́n ní atẹ́gùn náà lè dé ní aago méjì ọ̀sán Friday. Galveston sí San Antonio jẹ́ nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin lọ́jọ́ tí ọ̀nà já geere. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, ó di 12. Ẹ yọ ọ́, ó di aago méjì òru. Ta ló máa kó ọmọ jáde nírú wákàtí yẹn? Àárọ̀ Thursday ni ìrìn yín, nígbà tí ojú ṣì ń ríran. Omi pàápàá kì í dúró de atẹ́gùn: nígbà Ike, òkun ti bo ọ̀nà 87 ní Bolivar láti Friday, September 12, bẹ́ẹ̀ ó di òru kí ìjì tó gúnlẹ̀. Àwọn tó ní àwọn á ṣì kọ́kọ́ wo bó ṣe máa rí, hẹlikópítà ló lọ gbé wọn.

San Antonio kò sì pọn dandan. Omi lẹ ń sá fún. Yàrá kan nílé ọ̀rẹ́ ní Katy ti tó, ọ̀nà rẹ̀ sì kúrú.

Ta ló ń pàṣẹ pé ká kúrò?

Mayor ìlú yín tàbí County Judge, tó dà bí alága ìjọba ìbílẹ̀. Tí àṣẹ bá jáde fún zone yín, àríyànjiyàn ti parí. Tí atẹ́gùn bá ti le, ambulance àti panápaná kò ní jáde, kódà bí ẹ bá ń pe 911. Ẹni tí kò ní ọkọ̀ tàbí tí kò lè dá rìn, kó pe 2-1-1 kó fi orúkọ sílẹ̀ ní STEAR, ìwé orúkọ ìjọba Texas fún irú wọn, kí ìjì tó wà lójú ọ̀run rárá.

Ilé wa kò sí nínú àwòrán funfun tó ń fẹ̀ lọ, tí tẹlifíṣọ̀n fi ń tọ́ka ọ̀nà ìjì. Ṣé a ti bọ́?

Rárá. Ibi tí àárín gbùngbùn ìjì lè gbà nìkan ni àwòrán yẹn ń sọ, ó sì máa ń jáde kúrò nínú rẹ̀ nígbà kan nínú mẹ́ta. Kò sọ bí ìjì ṣe fẹ̀ tó. Nígbà Ian ní Florida ní 2022, Tampa ni gbogbo ẹnu ń pè; Cayo Costa ló gúnlẹ̀ sí, ní ìsàlẹ̀ Tampa, pẹ̀lú atẹ́gùn máìlì 150, omi tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 15 sì gbá Fort Myers Beach.

Àwa tó máa jókòó ńkọ́?

Àìsí iná ni ọ̀tá yín. Category 1 ni Beryl ní July 8, 2024, síbẹ̀ ilé àti ṣọ́ọ̀bù tó ju mílíọ̀nù méjì lọ ló wà nínú òkùnkùn, ooru sì pa èèyàn. Omi mímu, gálọ́ọ̀nù kan fún ẹnì kan lójúmọ́. Firíìjì tí a kò ṣí ń mú oúnjẹ tutù fún wákàtí mẹ́rin péré. Fírísà tó kún, 48. Ọ̀pọ̀ insulin tí a ti ṣí lè lo nǹkan bíi ọjọ́ 28 láìsí firíìjì bí ooru kò bá pọ̀ jù. Ẹni tó ń ṣe dialysis, kó bẹ ilé ìwòsàn kó ṣe é ṣáájú ìjì.

Jẹnẹrétọ̀: a mọ̀ ọ́n lò láti ilé, ìyẹn gan-an ló ń kó bá wa. Ẹ má gbé e sí gáréèjì, ì báà ṣí sílẹ̀. Kó jìnnà sí ilé tó ẹsẹ̀ bàtà 20, kí èéfín rẹ̀ sì kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé. Carbon monoxide, májèlé inú èéfín náà, kò ní òórùn. Ojú oorun ló ń ká èèyàn mọ́.

Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, ilé ìwòsàn ní kò gbọdọ̀ kúrò.

Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn máa ń pín òṣìṣẹ́ sí ọ̀nà méjì: àwọn tó máa sùn síbẹ̀ títí ìjì á fi kọjá, àti àwọn tó máa wá gbà á lọ́wọ́ wọn. Kó bi ọ̀gá rẹ̀ ní June, ìhà wo ni òun wà. Bó bá wà ní ti àkọ́kọ́, ẹ ti sọ tẹ́lẹ̀ ẹni tó máa wa àwọn ọmọ lọ àti ibi tí wọ́n ń lọ. Bí Màmá bá wà lọ́dọ̀ yín láti Nàìjíríà láti tọ́jú ọmọ, pásípọ́ọ̀tù wọn àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kó sínú àpò tí omi kò lè wọ̀.

Omi ti wà lójú títì báyìí. Ṣé ká sáré jáde?

Rárá, ó ti pẹ́ jù. Nígbà Harvey ní 2017, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ìlú Nederland, ní Texas níbí, gba íǹṣì 60 ó lé díẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kú, inú ọkọ̀ ni wọ́n kú sí. Wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ títì Houston kí omi òjò lè dúró sínú wọn, nítorí náà abẹ́ afárá ló ń kọ́kọ́ kún. Íǹṣì 6 omi tó ń ṣàn lè gbé àgbàlagbà ṣubú, 12 lè mú ọkọ̀ kékeré léfòó, 24 lè gbá èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ọkọ̀ lọ. Ẹ gun òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì. Tí kò bá sí, orí òrùlé ni, ẹ má wọ inú àjà tí kò ní ihò àbájáde.

Inṣọ́ránsì ilé wa máa san án, àbí?

Inṣọ́ránsì ilé lásán kì í san ti àgbàrá àti omi òkun. Ti àgbàrá dá dúró, ti ìjọba àpapọ̀ sì máa ń gba ọjọ́ 30 lẹ́yìn tí a bá san owó kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó bá rà á lẹ́yìn tí ìjì ti ní orúkọ ti pẹ́ fún ìjì yẹn.