Bí Òǹtẹ̀ Ilé-Iṣẹ́ Ṣe Dé Ara Ìbọn Ológun

Ẹni tó bá kọ́kọ́ tú M1 Carbine, ìbọn fífúyẹ́ táwọn ológun Amẹ́ríkà lò nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, sílẹ̀ yóò rí lẹ́tà kéékèèké lára àwọn irin rẹ̀: W lára èyí, U lára ìyẹn, SG lára òmíràn. Ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé wọ́n ti da ìbọn náà pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíì. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe jáde láti ilé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n ibi tí òǹtẹ̀ yìí ti ṣẹ̀ wá ló máa jẹ́ kó yéni.

Ẹ̀bi ló bí i. Bí ìbọn bá bẹ́ mọ́ ẹni tó ń yìn ín lójú, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dáhùn. Ní 1637, Ọba Charles Kìíní fún ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ìbọn ní London ní ìwé àṣẹ, wọ́n sì ń dán ọ̀pá ìbọn wò: wọ́n á ki ètù tó ju ti ojoojúmọ́ lọ sí i, wọ́n á yìn ín, èyí tí kò bá bẹ́ ni wọ́n á lu òǹtẹ̀ mọ́. Birmingham ní ilé àyẹ̀wò tirẹ̀ ní 1813. Òǹtẹ̀ ìdánwò nìyẹn o. Ó sọ pé ọ̀pá yege, kò sọ ẹni tó rọ ọ́.

Láyé ìgbà yẹn, fáìlì ni wọ́n fi ń há irin títí tí yóò fi bá èkejì mu. Ẹ̀yà ìbọn kan kì í sábà wọ òmíràn, nítorí náà orúkọ kan lára ìbọn tó. Honoré Blanc, oníṣẹ́ ìbọn ará Faransé, ló kó ìṣòro bá orúkọ kan ṣoṣo yẹn. Ní 1785, ó kó ẹ̀yà àádọ́ta títì ìbọn (ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ṣáná sí ètù) tó ti tú palẹ̀ síwájú Thomas Jefferson, tó jẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà níbẹ̀ nígbà náà. Jefferson ń mú èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà, ó ń tò ó, gbogbo rẹ̀ sì wọra pé. Ní Harpers Ferry, ilé-iṣẹ́ ìbọn ìjọba Amẹ́ríkà, oníṣẹ́ ìbọn John Hall fi ẹ̀rọ ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yọrí láàárín ọdún 1820 sí 1830. Tí ẹ̀yà kan bá lè ti ọwọ́ ẹnikẹ́ni wá, ẹ̀bi ní láti máa tẹ̀ lé ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan.

Kò síbi tí èyí ti hàn tó ara M1903, ìbọn àwọn ológun Amẹ́ríkà. Ní 1917, receiver rẹ̀, ìyẹn irin àárín tí bọ́ọ̀tì ń lọ tó ń bọ̀ nínú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́. Ojú lásán làwọn òṣìṣẹ́ fi ń wo àwọ̀ irin nínú iná kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ó ti gbóná tó. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn gan-an, irin tó ti gbóná jù á dà bíi pé kò tíì gbóná tó lójú wọn, wọ́n á sì jó o kọjá ààlà. Ilé-iṣẹ́ ìjọba méjì ló ń ṣe é: Springfield Armory tún ọ̀nà iṣẹ́ náà ṣe láti orí ìbọn tí nọ́ńbà ara rẹ̀ jẹ́ 800,000, Rock Island Arsenal láti 285,507. Ẹ wá wo ìbọn méjì tí nọ́ńbà wọn jẹ́ 300,000: ti Rock Island bọ́ sí apá rere, ti Springfield kò bọ́ síbẹ̀. Ẹni tó ka nọ́ńbà láìka orúkọ tó wà lókè rẹ̀ kò tíì ka nǹkan kan.

Àwọn ará Jámánì wá sọ òǹtẹ̀ di àṣírí. Àdéhùn Versailles ti 1919 ti dè wọ́n lọ́wọ́ lórí ohun ìjà, nítorí náà ní 1934, ilé-iṣẹ́ ìbọn Mauser ní Oberndorf yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, ó fi S/42 rọ́pò rẹ̀, ó sì fi K dúró fún ọdún. G ni 1935. Nígbà tó fi di 1941, byf ni. Ní 1945, svw. Ilé-iṣẹ́ kan náà ni gbogbo rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà lo kóòdù nígbà ogun, wọ́n fi N, M tàbí S sọ àgbègbè, nọ́ńbà sì tẹ̀ lé e: M47C ni ilé-iṣẹ́ ìbọn BSA (Birmingham Small Arms) ní Shirley.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí Carbine. Ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà tí Amẹ́ríkà ṣe, Winchester, tó lo W, nìkan ló sì jẹ́ ògbólógbòó oníṣẹ́ ìbọn láàárín àwọn ilé-iṣẹ́ náà. Underwood tó ń ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lo U. IBM lo B. Rock-Ola tó ń ṣe àpótí orin tí wọ́n ń sọ owó sínú rẹ̀ lo R. SG ni Saginaw, tó wà lábẹ́ General Motors. Bí ẹ̀yà kan bá wọ́n níbì kan, wọ́n á kó o wá láti ibi tó ti pọ̀, kí iṣẹ́ má bàa dúró. Lẹ́yìn ogun, àwọn ológun tún tú èyí tó pọ̀ jù palẹ̀, wọ́n dà á sínú àpótí, wọ́n tò ó padà. Bí ẹ̀yà bá ti wọra, wọn ò béèrè lẹ́tà.

Ìdí nìyí tí mi ò fi gba ti àwọn tó ń pààrọ̀ gbogbo ẹ̀yà kí lẹ́tà lè bára mu. Wọ́n lè fi bẹ́ẹ̀ sọ ìbọn di ohun tí kò jẹ́ rí. Ìyẹn ṣì sàn ju ti àwọn tó ń lu òǹtẹ̀ tuntun mọ́ irin àtijọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n ti lu òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ kí wọ́n tó pa irin láró, nítorí náà àwọ̀ inú lẹ́tà àti àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń jọra. Tí ẹ bá fi awò wo inú lẹ́tà tó sì ń dán, tàbí tí etí rẹ̀ gbé irin sókè tí àró sì ti ṣí níbẹ̀, ẹ má tíì sanwó.