Abẹ́rẹ́ Tó Ń Dín Sísanra Kù: Ìdí Tó Fi Ń Fa Ìrìndọ̀, àti Bí A Ṣe Ń Pẹ̀tù Sí Inú

Ẹ̀kọ kan àti mọ́ínmọ́ín kékeré kì í ṣe oúnjẹ tó ń da àgbàlagbà láàmú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ Wegovy tàbí Mounjaro lè jẹ ìdajì rẹ̀, kí ikùn rẹ̀ sì kún bí ẹni tó jẹ iyán àjẹyó níbi ìnáwó. Bó bá fi agídí jẹ ìyókù, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ín, nígbà mìíràn èébì á tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé oúnjẹ ló bàjẹ́, tàbí pé oògùn náà kò bá ara àwọn mu rárá. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí èyí tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì. Iṣẹ́ tí wọ́n fi rán oògùn náà ló ń jẹ́. Àpòlúkù ti dẹ̀rìn, ọwọ́ tó ń bu oúnjẹ ni kò tíì mọ̀.

Bí oúnjẹ bá dé inú ìfun, ìfun fúnra rẹ̀ máa ń tú họ́mónù kan jáde tí wọ́n ń pè ní GLP-1. Họ́mónù yìí ló ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé oúnjẹ ti wọlé, ó ń ran ara lọ́wọ́ láti kápá ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń sọ fún àpòlúkù pé kó ṣe sùúrù kó tó ti oúnjẹ yòókù sísàlẹ̀. Èyí tí ara wa ń ṣe kì í lò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tó fi ń pòórá. Semaglutide, oògùn tó wà nínú Wegovy àti Ozempic, fara jọ ọ́, àmọ́ wọ́n ṣe é kó lè pẹ́: lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú ara. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń gún un. Tirzepatide, tó wà nínú Mounjaro, ń ṣe iṣẹ́ GLP-1, ó sì tún ń ṣe ti họ́mónù mìíràn tó ń jẹ́ GIP.

Ọ̀nà méjì ni ìrìndọ̀ ń gbà wọlé. Àkọ́kọ́ ni àpòlúkù tó ń falẹ̀, tí oúnjẹ fi ń pẹ́ níbẹ̀. Èkejì wà nínú orí. Ibì kan wà ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ bóyá májèlé wà níbẹ̀, tó sì lè mú kí èèyàn bì bó bá fura. Oògùn yìí máa ń kan ibẹ̀ náà, ìyẹn ló fi jẹ́ pé inú lè máa rin ẹni tí kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láàárọ̀.

Nínú ìwádìí STEP 1, tí àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2021 pẹ̀lú èèyàn 1,961, bí 44 nínú 100 àwọn tó gba semaglutide ló sọ pé inú rin àwọn. Láàárín àwọn tó gba abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú, bí 17 ni. Nínú àwọn tó gba semaglutide, bí 25 nínú 100 bì, bí 23 kò rí ìgbẹ́ yà dáadáa. Síbẹ̀, àwọn tó tìtorí inú pa oògùn náà tì kò tó 5 nínú 100. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ìyọnu náà á le lẹ́yìn tí wọ́n bá fi kún ìwọ̀n oògùn, á sì máa rọlẹ̀ bí ara bá ti ń mọ̀ ọ́n.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gun ìwọ̀n náà bí àkàbà. Wegovy ń bẹ̀rẹ̀ láti 0.25 mílígíráàmù, ó ń lọ sí 0.5, sí 1, sí 1.7, kó tó dé 2.4, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin lórí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan. Mounjaro ń bẹ̀rẹ̀ láti 2.5. Ìwọ̀n àkọ́kọ́ yẹn kì í ṣe fún kí èèyàn tètè fọn, kí ara lè mọ oògùn ni. Ẹni tó bá rí i pé òun kò tíì fọn lọ́sẹ̀ kejì, tó wá fo àtẹ̀gùn kan, ìrora ló ń fi owó rà. Dókítà lè dá èèyàn dúró lórí ìwọ̀n kan ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Nítorí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yìí náà ni ayédèrú fi burú tó bẹ́ẹ̀: ní Okudu 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ nípa ayédèrú semaglutide tí wọ́n rí ní Brazil, ní Britain àti ní Amẹ́ríkà. Ta ló mọ iye tó wà nínú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ní ti oúnjẹ, kí àwo kéré, kí ẹnu sì rọra jẹ. Kí èèyàn dáwọ́ dúró níbi tí ebi ti tán, kó má dúró de ìgbà tí ikùn bá kún, nítorí ìròyìn pé ikùn ti kún máa ń pẹ́ dé. Ọ̀rá fúnra rẹ̀ ń dá àpòlúkù dúró, nítorí náà àkàrà, dòdò àti ọbẹ̀ tí epo lékè rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ bá èèyàn jà. Ẹ̀kọ, ẹja yíyan, ẹyin sísè àti mọ́ínmọ́ín tí epo rẹ̀ kò pọ̀ rọrùn jù. Kí ẹja tàbí ẹyin ṣíwájú òkèlè, torí bí àyè inú bá ti kéré, ó yẹ kí ohun tó ń gbé ẹran ara ró wọlé kí àyè tó tán. Ẹni tí oókan àyà ń ta, tàbí tó ń gùnfẹ̀ ṣáá, kó dín ata, ọtí àti ẹlẹ́rìndòdò kù, kó sì fi wákàtí méjì tàbí mẹ́ta sáàárín oúnjẹ alẹ́ àti ibùsùn. Omi atalẹ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ máa ń ran àwọn kan lọ́wọ́. Bí olóde bá sì ń rọ̀ ọ́ pé kó jẹ sí i, kó gbé e sínú ike lọ sílé.

Àìrígbẹ́yà ń wá nítorí pé oúnjẹ kéré, omi kéré, ìfun náà sì ń falẹ̀. Omi díẹ̀díẹ̀ jálẹ̀ ọjọ́, ìbẹ́pẹ, ẹ̀fọ́ tí wọ́n rọra ń fi kún oúnjẹ, àti ìrìn ẹsẹ̀ ló ń tú u. Bí èyí kò bá tó, kí wọ́n bi apoògùn. Ẹ jọ̀wọ́, agbo jẹ̀dí kọ́ ni ojútùú rẹ̀: ìfun tó ti ń falẹ̀ ni wọ́n ń fipá lé, omi ara ló sì ń bá a lọ. Fún ìgbẹ́ gbuuru, ORS, omi tí wọ́n fi iyọ̀ àti ṣúgà pò, ni kí wọ́n máa mu. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kó rántí pé metformin, oògùn ìtọ̀ ṣúgà, náà ń fa ìgbẹ́ gbuuru, kó sọ fún dókítà pé òun ń lo méjèèjì.

Obìnrin tó ń lo oògùn oníhóró fún ìfètòsọ́mọbíbí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé tirzepatide lè dín agbára rẹ̀ kù. Kí wọ́n fi kọ́ńdọ̀mù kún un fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀, àti lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí ìwọ̀n bá gòkè. Bákan náà, ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tó máa kùn ún lóorun pé òun ń gba abẹ́rẹ́ yìí, nítorí oúnjẹ lè ṣì wà nínú àpòlúkù tí gbogbo èèyàn rò pé ó ṣófo.

Àwọn àmì kan wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fara dà nílé. Inú rírun tó le, tí kò dáwọ́ dúró, tó ń ta dé ẹ̀yìn. Ìrora lábẹ́ ìhà ọ̀tún pẹ̀lú ojú tó ń pọ́n bí ẹni tó ní ibà pọ́njú. Èébì tí kì í jẹ́ kí omi dúró nínú, tí ìtọ̀ fi ń ṣókùnkùn tí òòyì sì ń kọ́ni. Ikùn tó wú, tí ìgbẹ́ tàbí atẹ́gùn kò jáde. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn tó ń rìnrìn àjò, pàápàá ẹni tó wálé láti Lọ́ńdọ̀nù fún Kérésìmesì tó sì fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ nínú fíríìjì lọ́hùn-ún. Bí ó bá pàdánù ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ara lè ti gbàgbé oògùn náà. Bó bá jẹ́ Wegovy ni, kó má padà sórí 2.4 lọ́jọ́ tó bá dé. Kó pe dókítà tàbí apoògùn rẹ̀ ná, nítorí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé láti 0.25 ni wọ́n á ti tún bẹ̀rẹ̀.