Louis Renault nínú fíìmù Casablanca

Louis Renault ni ọ̀gá ọlọ́pàá inú Casablanca, fíìmù Amẹ́ríkà tí Michael Curtiz darí fún ilé-iṣẹ́ Warner Bros., tí wọ́n sì kọ́kọ́ fi han aráyé ní New York ní oṣù Kọkànlá ọdún 1942. Claude Rains, òṣèré ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kó ipa náà. Rick Blaine, ará Amẹ́ríkà tó ni ilé ọtí kan tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́, ni olú ẹ̀dá ìtàn. Ẹ̀dá ìtàn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ lásán ni Renault, síbẹ̀ àríyànjiyàn lórí ohun tó wà nínú ikùn rẹ̀ kò tán bọ̀rọ̀: ṣé jẹgúdújẹrá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà lọ́jọ́ ìkẹyìn ni, àbí ó ti ní ìwà mìíràn tó fi pamọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀?

Oṣù Kejìlá ọdún 1941 ni ìtàn náà wáyé, nígbà tí Mòrókò wà lábẹ́ Faransé, tí ìjọba Faransé tó fìdí kalẹ̀ sí ìlú Vichy sì ti túúbá fún Jámánì. Àwọn tó sá fún ogun ní Yúróòpù kún ìlú Casablanca fọ́fọ́, wọ́n ń wá ìwé àṣẹ tí wọn yóò fi dé Lisbon, kí wọ́n lè tibẹ̀ kọjá sí Amẹ́ríkà. Ọwọ́ Renault ni ìwé náà wà. Ẹni tó bá lówó a fowó rà á. Obìnrin tí kò bá lówó, ara rẹ̀ ni Renault ń béèrè. Fíìmù náà kò sọ èyí síta gbangba, nítorí ọ́fíìsì Joseph Breen, tó ń yẹ fíìmù wò nígbà náà, ta kò ó. Ìwà ìkà gbáà ni, kò sì yẹ kí ẹnu dídùn Renault mú kí òǹwòran gbójú fò ó.

Ibi tí ìjìnlẹ̀ rẹ̀ ti kọ́kọ́ hàn ni bó ṣe ń rí ọkàn ẹlòmíràn. Ó sọ lójú Rick pé òun mọ̀ pé ó kó ìbọn lọ sí Ethiopia ní 1935, ó sì jagun ní Spéìn ní 1936. Nígbà tí Rick fèsì pé wọ́n sanwó fún òun dáadáa ni, Renault dá a lóhùn pé àwọn tó borí ì bá san jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ni pé kì í ṣe owó ló mú Rick lọ. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ìgbàgbọ́ ń náni kò lè rí i lára ẹlòmíràn kíákíá bẹ́ẹ̀. Bákan náà, nígbà tí Rick dọ́gbọ́n mú kí ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ Bulgaria kan jẹ tẹ́tẹ́, kí ìyàwó rẹ̀ má bàa bọ́ sọ́wọ́ Renault, ojú ẹsẹ̀ ni ọ̀gá ọlọ́pàá náà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò gbẹ̀san, ó kàn sọ fún Rick pé aláàánú ni.

Ẹ̀rí tó ta ko èyí lágbára, àwọn tó fẹ́ràn Renault sì sábà máa ń yára kọjá lórí rẹ̀. Victor Laszlo, ajìjàgbara ọmọ Czechoslovakia tí àwọn Jámánì ń wá, fẹ́ wọ bàálù. Rick na ìbọn sí Renault, ó ní kó fi tẹlifóònù sọ fún pápákọ̀ òfuurufú pé kí wọ́n jẹ́ kó kọjá. Strasser, ọ̀gá àwọn Jámánì, ni Renault pè. Bí Rick kò bá yìnbọn pa Strasser nígbà tó dé, wọn ì bá dá bàálù náà dúró. Láàárín ìpè yẹn àti ìṣẹ́jú tó yí padà, àkókò tó kọjá kò tó nǹkan.

Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá sáré dé, Renault sọ fún wọn pé wọ́n ti yìnbọn pa Strasser. Ó dákẹ́, ó wo Rick, Rick náà wò ó. Lẹ́yìn náà ló pàṣẹ pé kí wọ́n lọ kó àwọn tí wọ́n máa ń fura sí. Bó ti fẹ́ bu omi mu, ó rí orúkọ Vichy lára ìgò, ó jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí, ó sì ta á nípàá. Lẹ́yìn èyí ló dábàá pé kí àwọn méjèèjì lọ bá ọmọ ogun Faransé Olómìnira, àwọn ará Faransé tó kọ̀ láti túúbá fún Jámánì, ní ìlú Brazzaville ní Kóńgò. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló jẹ́ kókó ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe pé oore kan wà lábẹ́ aṣọ Renault tí a kò rí. Ó ti mọ ohun tó tọ́ tipẹ́, ó sì ń gbé ìgbé ayé tó lòdì sí i, nítorí pé ó rọrùn.

Inú eré orí ìtàgé tí Murray Burnett àti Joan Alison kọ ni ẹ̀dá ìtàn náà ti wá, Rinaldo sì ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Nínú eré náà, Rick fi ara rẹ̀ lé Strasser lọ́wọ́ nígbẹ̀yìn. Inú fíìmù ni wọ́n ti dá ìparí tí Renault ti bá Rick lọ.