Fáìnì kékeré tó ń dúró de ọmọ lọ́nà yunifásítì

Tí ọlọ́pàá bá ti gbé ọmọ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù, kíá làwọn aládùúgbò á ti ní ilé-ìwé rẹ̀ ti parí. Irọ́ ni. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní apá 36, ní aláìjẹ̀bi ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí ilé-ẹjọ́ yóò fi dá a lẹ́bi.

Ẹ wo gààrí Ìjẹ̀bú. Mímú tí wọ́n mú ọmọ dà bí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà tu. Ẹ̀sùn tó dé kóòtù ni lílọ̀. Sísún tí wọ́n ń sún ẹjọ́ síwájú ni ọjọ́ tó ń lò nínú àpò pẹ̀lú òkúta lórí, ibẹ̀ ló ti ń kan. Síbẹ̀, kò tíì di gààrí. Àfi tó bá wọ agbada, tí wọ́n yan án. Ìgbà yẹn ni kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ di ẹ̀gẹ́ mọ́. Ìdálẹ́bi ni agbada.

Ohun tó ń dunni ni pé òbí gan-an ló sábà máa ń ti ọmọ síbẹ̀. Wíwá sí kóòtù Májísíréètì ti sú wọn. "Ṣáà ní o jẹ̀bi, ká san fáìnì, ká máa lọ. Ìdánwò rẹ ti kù sí dẹ̀dẹ̀." Ọmọ á wá ní òun jẹ̀bi pẹ̀lú àlàyé. Àlàyé yẹn lè mú kí owó náà kéré, ṣùgbọ́n ìdálẹ́bi ṣì ni. Ẹni tó jókòó ti ẹjọ́ rẹ̀ lè pàdánù ọdún JAMB kan, torí èsì JAMB kì í kọjá ọdún kan. Tí wọ́n bá dá a sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹni tó yára san fáìnì ló máa rí i níwájú, lọ́jọ́ tó bá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí ìwà rere lọ́dọ̀ ọlọ́pàá láti lọ kàwé lókè òkun. Ètò tó ń fi ilé lílọ san ẹ̀san fún ẹni tó bá gbà pé òun jẹ̀bi kò dáa.

Lóòótọ́, yunifásítì ní ìgbìmọ̀ ìbáwí tirẹ̀, ó sì lè má dúró de kóòtù. Fọ́ọ̀mù físà Amẹ́ríkà pàápàá máa ń béèrè bóyá wọ́n ti mú èèyàn rí, yálà ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi, òótọ́ nìkan sì ni kéèyàn kọ síbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń kọ JAMB kò tíì pé ọdún 18. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 kò gba kí wọ́n lo ọ̀rọ̀ "ìdálẹ́bi" fún irú wọn rárá. Nítorí náà, ìwé ọjọ́ ìbí ló yẹ kí òbí kọ́kọ́ gbé lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Béèlì, ọ̀fẹ́ ni.